Òwú Aró Nínú Kọ̀ǹpútà

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ mi, Ummulkulthum, sọ pé kí n gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà ní pálọ̀ wa jù nù. Ó ní tí mo bá tan án, kí ojú rẹ̀ tó mọ́lẹ̀, òun á ti wẹ̀, òun á ti jẹun, òun á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé-ìwé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, ẹnu rẹ̀ mú. Mo ní kó fi ẹ̀rọ àgbà sílẹ̀. Ó ní, kí ni mo ń fi í ṣe gan-an? Ohun tí mo fi kọ̀ǹpútà yìí ṣe kọjá ohun tí mo lè dúró sọ fún ọmọ tó fẹ́ lọ sí ilé-ìwé. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó tì í láti kọ ọ́ sílẹ̀, bó ti ń falẹ̀ tó yìí. Èmi náà kì í yára kọ̀wé. A bá ara wa mu.

Àfúsá ni orúkọ mi. Kemta ni wọ́n bí mi sí, nílé aláró. Ìyá mi ń rẹ aṣọ láró, ìyá tó bí i náà rẹ ẹ́, nígbà tí mo sì pé ọmọ ọdún méje, ọwọ́ tèmi náà bọ inú ìkòkò. Àbúrò mi, Àmínù, ni wọ́n rán lọ sí ilé-ìwé. Mi ò bínú sí i. Láyé ìgbà yẹn, ọmọbìnrin tó bá mọ ẹlú, ewé tí wọ́n fi ń pò aró, tó mọ bí wọ́n ti ń fi ẹ̀kọ gbágùúdá ya àwòrán sára aṣọ, wọ́n gbà pé kò tún sí ohun tó ń wá.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí mi. Àmínù ló ń kà á fún mi, Àmínù náà ló ń bá mi fèsì. Lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà mọ̀ pé àbúrò mi ni òun ti ń bá sọ̀rọ̀ ìfẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò kọ lẹ́tà mọ́, kò sì wá mọ́. Ẹ̀rín yẹn ni mi ò gbàgbé. Ó lé ní ọdún mẹ́wàá tí mi ò jẹ́ kí ọkùnrin kankan sún mọ́ mi débi tí yóò fi mọ̀ pé mi ò mọ̀wé.

Mo ti pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kí oníbàárà mi kan, Tíṣà Christianah ti Òwu, tó ti fẹ̀yìn tì, tó mú mi lọ sí kíláàsì tó ń ṣe fún àwọn àgbà ní ìrọ̀lẹ́. Ojú ń tì mí. Ó ní kí n jókòó, pé ojú tó ń tì mí kò ní kí lẹ́tà A má dúró síbi tó wà.

Láàárín ọdún yẹn ni bàbá mi kú. Àmínù ti ríṣẹ́ sí Èkó nígbà náà. Ó gbé kọ̀ǹpútà tó ń lò tẹ́lẹ̀ wá sílé, ó kó gbogbo àwòrán Bàbá sínú rẹ̀, èyí tí wọ́n yà ní Iléyá, èyí tí wọ́n yà níbi ìsọmọlórúkọ, kí ìyá wa lè máa rí ọkọ rẹ̀. Tíṣà ní kí èmi náà máa fi kọ́ bí wọ́n ti ń tẹ̀wé. Báyìí ni ẹ̀rọ kan ṣe di ti opó àti ti akẹ́kọ̀ọ́.

Ní ojoojúmọ́, tí Màámi bá ti ọjà Ìtòkú dé, wọn á fọ ọwọ́, wọn á jókòó síwájú rẹ̀, èmi á sì tan án. Àwòrán náà máa ń yọ láti òkè wá sísàlẹ̀. Fìlà Bàbá á kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà iwájú orí wọn, lẹ́yìn náà ojú. Bí ẹ̀rọ náà ti ń gbó ló ń falẹ̀ sí i. Màámi á ní, "Ṣé wọ́n ti dé fìlà tán?" Èmi á ní ó kù díẹ̀. Wọn á ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Bàbá Àfúsá kò yára rí láyé." A ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó di pé àwòrán náà ń dúró síbi ojú tí kò ní sọ̀ kalẹ̀ mọ́, Màámi kò ṣe àwàdà mọ́. Mo rí wọn lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń fi etí ìró nu ojú ẹ̀rọ náà, bíi pé eruku ló ń dí ọkọ wọn lọ́nà.

Tíṣà ló ní òun mọ ẹnìkan ní Òṣíẹ̀lẹ̀ tó ń tẹ iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tó sì ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Saheed ni orúkọ rẹ̀. Ó wá ní àárọ̀ Sátidé kan. Ó ga, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò yá, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín sì wà nínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màámi, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Kò sẹ́ni tó ti kí mi báyẹn rí láàárín àwọn ọkùnrin tó ń wá sílé wa.

Màámi ti fi aṣọ funfun kan tí wọ́n fi òwú hun bo kọ̀ǹpútà náà. Saheed gbé aṣọ náà sókè, ó bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń fi bò ó nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́.

"Kí ló dé?" ni Màámi wí. "Ṣé ìhòòhò ni kí ohun tí ọmọ mi fi òógùn rẹ̀ rà máa wà, kí eruku máa bà lé e?"

Saheed kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rọ náà ń mí ni. Ó ní fáànù kan wà nínú rẹ̀ tó ń fẹ́ ooru jáde, pé tí wọ́n bá fi aṣọ bò ó, ooru náà á padà sí i lára, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀ kó má bàa jóná.

Màámi fi ọwọ́ bo ẹnu. "Yéè. Láti ọjọ́ yìí, mo ti ń fún Bàbá Àfúsá lọ́rùn."

Saheed tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku inú rẹ̀, eruku tó dì bí ìtẹ́ ẹyẹ. Ó yọ àwọn ohun tí Àmínù ti kó sínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lò. Nígbà tó tan án padà, àwòrán Bàbá fò jáde lẹ́ẹ̀kan náà, fìlà, ojú, agbádá, gbogbo rẹ̀. Màámi sún sẹ́yìn lórí àga. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, wọ́n sì ń gbàdúrà fún Bàbá láàárín ẹkún náà. Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo kó ọwọ́ mi tí aró ti pa sẹ́yìn.

Kí Saheed tó lọ ló rí ohun tí mo tẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ̀kọ́ mi: Orúkọ mi ni Àfúsá. Mo ń rẹ aró ní Kemta. Ó bèèrè ẹni tó kọ ọ́. Mo ní èmi ni, mo sì dúró de ẹ̀rín. Ó tún un kà. Ó ní, "Ó dáa. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn?"

Mo sá lọ bu omi tí kò bèèrè. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí mo fẹ́ ṣe ẹ̀kọ́ mi, mo bá ọ̀rọ̀ mìíràn nísàlẹ̀ tèmi: Orúkọ mi ni Saheed. Mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ parí ìtàn yín.

Ó pẹ́ kí n tó kà á tán. Mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nìyẹn láyé mi tí ẹlòmíràn kò bá mi gbọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi kọ èsì, ìlà mẹ́wàá péré. Ìgbà tí mo kọ ọ́ tán ni mo wá rí ìṣòro mi. Ta ni yóò kà á? Ara ẹ̀rọ náà ti yá, a kì í sì í pe dókítà sí ẹni tí ara rẹ̀ yá. Fóònù wà lọ́wọ́ mi o, ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn bá fi fóònù sọ nínú àgbàlá aláró, gbogbo àgbàlá ló ń dá sí i. Àti pé lẹ́nu, obìnrin ẹni ọdún márùndínlógójì tí kò tíì lọ́kọ ni mí. Nínú ìwé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ Túsìdé, Màámi lọ sí Ìtòkú. Mo tan kọ̀ǹpútà náà. Mo mú ìró iṣẹ́ mi, èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ láró, mo ká a po, mo sì fi bo ẹ̀rọ náà láti orí dé ẹsẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tí mo ṣí i, ó gbóná. Nígbà tí Màámi dé, tí wọ́n jókòó, fìlà Bàbá tún dúró lójú kan.

Wọ́n gbé ọwọ́ lé e. "Ibà ti mú un," ni wọ́n wí. "Ẹ pe ọmọ Òṣíẹ̀lẹ̀ yẹn."

Ó wá, ó tún un ṣe, ó ka tèmi, ó kọ tirẹ̀ nígbà tí Màámi lọ kírun. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ibà tún mú ẹ̀rọ náà. Ní ìgbà kẹta yẹn, mo rí i tí Saheed fi irin fa nǹkan jáde láti ara fáànù, ìdì òwú kékeré kan, ó dúdú bí ẹlú. Ó wò ó. Ó gbójú sókè, ó wo ọwọ́ mi. Mo rò pé ayé ti dópin. Ó fi òwú náà sínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ló wá. Nínú àwọn ìlà yẹn ni mo ti mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ti kú, pé ìdánwò já a kulẹ̀ nígbà méjì, tó fi wá di pé iṣẹ́ ìwé àwọn ẹlòmíràn ló ń tẹ̀. Èmi sọ ti ọkùnrin Ìbàdàn fún un, ohun tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Mo retí èsì rẹ̀ bí ẹni ń retí ìdájọ́. Ó kọ ọ́ pé: Ẹni tó rẹ́rìn-ín yẹn ṣe mí lóore.

Ní ìgbà karùn-ún, ó bèèrè bóyá kí òun rán ẹnìkan sí Màámi. Mo kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sísàlẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni.

Tíṣà Christianah ló wá ṣe alárenà, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Mo fara pamọ́ sí ẹ̀yìn fèrèsé. Ó sọ̀rọ̀ Saheed dáadáa, ìwà rẹ̀, ilé rẹ̀, ìrun tí kì í fi jáfara. Màámi gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Tíṣà, mo dúpẹ́," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Ọkùnrin tó tún ẹ̀rọ kan ṣoṣo ṣe ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún, tí kò yá, ṣé ilé ni yóò lè tún ṣe? Láti ìgbà kejì ni kò ti gba owó lọ́wọ́ mi mọ́. Ẹni tí kò gba owó iṣẹ́, ẹ bi í, kí ló ń gbà?"

Tíṣà ní bóyá ẹ̀rọ náà ló ti gbó. Màámi ní èmi náà kò kéré mọ́, tí mo bá gbó sí i lọ́wọ́, ṣé ohun tí yóò máa wí nìyẹn? Wọ́n ní àwọn kò fún un lọ́mọ.

Kò parí síbẹ̀. Màámi sọ ọ́ ní Ìtòkú pé ẹnikẹ́ni kó má gbé ẹ̀rọ rẹ̀ fún ọmọ Òṣíẹ̀lẹ̀ yẹn, pé kò mọṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ọjà kì í pẹ́ dé Òṣíẹ̀lẹ̀. Tíṣà sọ fún mi pé èèyàn méjì ti wá gbé kọ̀ǹpútà wọn kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo bèèrè ohun tí Saheed sọ. Ó ní ohun tó sọ kò ju pé ohun tí Màmá rí ni wọ́n sọ.

Tí mo bá dákẹ́, mo pàdánù ọkùnrin náà, orúkọ rẹ̀ á sì bàjẹ́ nítorí mi. Tí mo bá sọ̀rọ̀, Màámi á mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rọ nìkan ni mo fún lọ́rùn. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n fi jókòó, tí wọ́n ń dúró de ojú ọkọ wọn, tí ojú náà kò yọ, èmi ni mo dá a dúró. Mo ronú pé mo lè wá irọ́ mìíràn. Mo ronú pé mo lè ní eku ló wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún rántí bí Màámi ti ń fi etí ìró nu ojú ẹ̀rọ.

Ní Sátidé, bí òwú tó kù nínú ẹ̀rọ náà ti tún mú kó máa falẹ̀, Màámi ránṣẹ́ pe Saheed pé kó wá wò ó ní ìgbà ìkẹyìn, kó sì sọ fún àwọn lẹ́nu ara rẹ̀ pé òun kò lè ṣe é. Ó bá Tíṣà wá. Kó tó ṣí àpò rẹ̀ ni mo kúnlẹ̀.

Mo ní, "Màámi, èmi ni. Mo ń fi ìró mi bò ó tí ẹ bá ti lọ sọ́jà. Mo fẹ́ kó máa wá."

Màámi wò mí pẹ́. Wọn kò pariwo, ì bá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n yíjú sí Saheed.

"Ìwọ náà, ṣé o mọ̀?"

Ó mú ọ̀rá kékeré kan jáde nínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Òwú aró náà wà nínú rẹ̀. "Láti ìgbà kẹta, Màmá."

"Wọ́n ń ba orúkọ rẹ jẹ́ káàkiri ọjà, èmi gan-an ni mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. O sì dákẹ́?"

"Orúkọ tèmi, Màmá, tó bá bàjẹ́, mo lè fi iṣẹ́ tún un ṣe. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ̀rọ̀, àárín ẹ̀yin àti ọmọ yín ni yóò bàjẹ́. Mi ò ní irinṣẹ́ fún ìyẹn."

Màámi jókòó. Wọ́n ní kó tún ẹ̀rọ náà ṣe. A dúró, gbogbo wa, bó ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a, bó ti ń dì í padà. Nígbà tó tan án, Bàbá yọ lójú ẹsẹ̀. Màámi sún àga mọ́ ọn.

"Bàbá Àfúsá," ni wọ́n wí, "ọmọ rẹ purọ́ fún mi. Ọkùnrin yìí sì bá a bo irọ́ náà. Ta ni kí n bá wí nínú wọn?"

Bàbá ń rẹ́rìn-ín nínú àwòrán náà, bó ti máa ń ṣe. Màámi wò ó, wò ó, ni ejìká wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni.

Wọ́n ní, "Tíṣà, ẹ wo oníṣẹ́ ibi inú àwòrán yìí bó ti ń wò mí. Aṣọ kan náà ló gbé wá rẹ lọ́dọ̀ mi ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin nígbà tí mo wà ní ọmọge. Ó ní àwọ̀ ń ṣí. Aró tí ìyá mi pò, ta ló rí i tó ṣí rí? Nígbà tó máa fi délé wa wá tọrọ mi, aṣọ náà ti dúdú bí ìdí ìkòkò."

Báyìí ni wọ́n ṣe gbà. Ṣùgbọ́n Màámi kì í fi nǹkan sílẹ̀ láìparí. Wọ́n ní ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni wọ́n ti ń tún un ṣe. Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, wọ́n mú mi lọ sí Ìtòkú, mo lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, mo ń sọ lẹ́nu ara mi pé Saheed mọṣẹ́, pé èmi ni mo fi ìfẹ́ ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Àwọn aláró fi mí rẹ́rìn-ín fún odidi oṣù kan. Tí mo bá ń kọjá, wọn á ní, "Àfúsá, ta lo tún fi aṣọ bò lónìí?" Mo ti rò láti ìgbà ọkùnrin Ìbàdàn pé ẹ̀rín lè pa èèyàn. Kò pa mí. Èmi náà bá wọn rín in.

Nígbà ìgbéyàwó wa, Màámi ní kí a gbé kọ̀ǹpútà náà mọ́ ẹrù ìyàwó, lẹ́yìn tí Saheed ti tẹ àwòrán Bàbá tó tóbi jáde fún wọn, tó sì fi férémù sí i. Ọdún kẹrin rèé tí Màámi fi ilẹ̀ bora. Àwòrán tiwọn náà wà nínú ẹ̀rọ yìí báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bàbá. Tí mo bá tan án, gèlè wọn ló ń kọ́kọ́ yọ.

Òwu ni à ń gbé. Saheed ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó, kọ̀ǹpútà tuntun ló ń tọ́jú fún wọn níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ń jáde, ó sì máa ń rẹ̀ ẹ́ tó bá dé. Kì í ṣe pé a ń jà. A kàn ń kọjá lára ara wa ni. Ó ti tó ọdún méjì tí kò ti tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ yìí wò, tí èmi náà kò sì kọ ìlà kan sí i.

Lánàá, Jímọ̀, mo kọ̀wé yìí débi tí mo ti sọ̀rọ̀ gèlè Màámi. Láàárọ̀ yìí, Sátidé, Saheed ṣì ń sùn nígbà tí mo tan ẹ̀rọ náà. Mo lọ sínú yàrá, mo mú ìró aró mi kan. Mo ká a po, mo fi bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, mo sì lọ gbé omi kaná.

Nígbà tó jáde sí pálọ̀, mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Mo yọjú. Ó ti gbé ọwọ́ lé aṣọ náà, ooru sì ti mú ọwọ́ rẹ̀. Ó yíjú sí mi.

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ̀rọ yín ló ń falẹ̀?"

Mo ní òun ni, pé kó bá wa wò ó. Ummulkulthum ń wò wá bíi pé orí wa ti dàrú. Saheed bèèrè búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ti ẹ̀rọ náà. Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo lọ bu omi tí ẹnikẹ́ni kò bèèrè.

Nígbà tí mo padà dé, ó ti dì í, ó ti tan án, ó sì ti ka gbogbo ohun tí mo kọ. Ó dìde fún mi láti jókòó. Nísàlẹ̀ ìlà mi tó kẹ́yìn, ó ti tẹ tirẹ̀ síbẹ̀:

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn?